Owó òkèèrè dúró, ṣùgbọ́n ọkọ̀ ò yéé gba Eruku kọjá

Oṣù Kọkànlá ọdún 2025 ni ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀yin tó ń gbé Èkó, Ìbàdàn àti Abẹ́òkúta kọ́kọ́ gbọ́ pé ìlú kan wà tó ń jẹ́ Eruku. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ 18 oṣù náà, ni àwọn agbébọn ya wọ ṣọ́ọ̀ṣì CAC níbẹ̀, wọ́n yìnbọn, wọ́n pààyàn, wọ́n sì kó àwọn olùjọsìn wọgbó lọ. Fídíò ẹ̀ kò sí orí fóònù tí kò dé. Ọlọ́run ṣe é, èèyàn 38 gba ìtúsílẹ̀ lọ́jọ́ 23 oṣù kan náà. Látìgbà yẹn, tí wọ́n bá ti dárúkọ Eruku, ọ̀rọ̀ ààbò ló ń sọ sí wa lọ́kàn.

Ọ̀rọ̀ ààbò lèmi náà fẹ́ sọ lónìí, ṣùgbọ́n eléyìí ò mú ìbọn dání. Orí títì kan náà ló ń gbà.

Ẹni tó bá mọ àgbègbè yẹn á mọ̀ pé etí ààlà Kwara àti Kogi ni Eruku wà, ní ìjọba ìbílẹ̀ Èkìtì ti Kwara. Téèyàn bá ti Ìlọrin ń bọ̀, tó kọjá Òmù-Àrán, á gba Eruku, á já sí Egbe, á wá máa lọ sí ọ̀nà Kàbà àti Lọ́kọ́jà títí dé Abuja. Ọkọ̀ akẹ́rù ń gbà á tọ̀sán-tòru. Nígbogbo ibi tí awakọ̀ bá ti ń dúró jẹun, tó ń dúró sùn, wọ́n á ta oúnjẹ, wọ́n á ta ọtí, àwọn obìnrin kan á sì máa fi ara wọn wá owó. N kò dá Eruku yà sọ́tọ̀ o. Mi ò sì bá ẹnikẹ́ni ka ilé olówò nàbì kankan níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ gbogbo ìlú ojú títì ni, láti Ogere dé Ọ̀rẹ̀, láti Jẹ́bà dé Lọ́kọ́jà. Níbi tí wọ́n bá sì kó ṣọ́jà àti ọlọ́pàá lọ láti wá dáàbò bo ìlú, tí wọn ò kó ìyàwó wọn dání, gbogbo wa la mọ̀ pé òwò yẹn kì í jìnnà síbẹ̀.

Ìbéèrè tèmi rèé: ta ló ń tọ́jú àwọn obìnrin yìí? Ta ló ń yẹ̀ wọ́n wò, ta ló ń fún wọn ní kọ́ńdọ̀ọ̀mù, ta ló ń wo àtọ̀sí wọn kó tó ba ilé ọmọ wọn jẹ́, ta ló ń bá wọn sọ̀rọ̀ HIV láì bú wọn? Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ìdáhùn wa ni pé àwọn ẹgbẹ́ aláàánú ló ń ṣe é, Amẹ́ríkà ló ń sanwó ẹ̀. Ìdáhùn yẹn ti já. Ohun tí mo fẹ́ kí ìjọba ìpínlẹ̀ àti ti àpapọ̀ fi rọ́pò ẹ̀ ni àdéhùn gidi pẹ̀lú àwọn ẹgbẹ́ yìí, àdéhùn tí owó ẹ̀ wà nínú ètò ìṣúná tiwa, tí ọlọ́pàá náà sì fọwọ́ sí.

Ẹ jẹ́ ká rántí ibi tá a ti ń bọ̀. Ọdún 1986 ni wọ́n kéde àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ rí éèdì lára wọn ní Nàìjíríà. Ọ̀kan nínú wọn jẹ́ ọmọbìnrin kan tó wá láti orílẹ̀-èdè mìíràn ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, tí wọ́n ní ó ń ṣòwò nàbì. Ọmọ ọdún 13 ni. Ẹ tún un kà: ọdún 13. Ọmọ tí àwọn àgbàlagbà ń lò bí ọjà ni, wọ́n sì tún fi orúkọ òwò náà pè é nínú ìtàn. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti gbà pé àrùn àwọn kan ni, pé kò kan ọmọlúàbí. Ó di oṣù Kẹjọ ọdún 1997 kí Ọ̀jọ̀gbọ́n Olikoye Ransome-Kuti, tó ti ṣe mínísítà ètò ìlera, tó jáde sọ ọ́ ní gbangba pé éèdì ló wà nídìí ikú àbúrò òun, Fela. Ọjọ́ yẹn ni ọ̀pọ̀ ọmọ Nàìjíríà ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà pé àrùn náà ń gbé àdúgbò wa.

Ìjọba dá ìgbìmọ̀ NACA sílẹ̀ lọ́dún 2000, ó sì di àjọ tó dúró fúnra ẹ̀ lọ́dún 2007. Lọ́dún 2007 yẹn kan náà, ìwádìí tí ìjọba àpapọ̀ ṣe fi hàn pé nínú obìnrin 100 tó ń ṣòwò nàbì ní ilé òwò, 37 ló ní HIV. Nígbà tí wọ́n tún un ṣe lọ́dún 2014, ó ti wálẹ̀ sí nǹkan bíi 19. Ẹ wò ó dáadáa. Láàárín ọdún 7, ó dín sí ìdajì. Síbẹ̀, tẹ́ ẹ bá fi wé gbogbo ọmọ Nàìjíríà tó wà láàárín ọdún 15 sí 49, tí ìwádìí NAIIS tó jáde lọ́dún 2019 sọ pé 1.4 nínú 100 ló ní in, ẹ ó rí i pé iṣẹ́ ṣì wà nílẹ̀.

Mi ò ní sọ pé ohun kan ṣoṣo ló mú un wálẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá mọ bí iṣẹ́ yẹn ṣe ń lọ á sọ fún yín pé àwọn ẹgbẹ́ aláàánú ló wọ ilé òwò náà, tí wọ́n jókòó ti àwọn obìnrin yìí lórí àga onípákó, tí wọ́n fún wọn ní kọ́ńdọ̀ọ̀mù, tí wọ́n sì kọ́ wọn bí wọ́n ṣe máa sọ fún oníbàárà tó bá ní òun ò fẹ́ lò ó pé kó máa lọ. Àwọn tó mọ iṣẹ́ náà jù nínú wọn ni àwọn obìnrin tó ti ṣe òwò yẹn rí, tàbí tó ṣì ń ṣe é, tí wọ́n dá lẹ́kọ̀ọ́ láti máa tọ́ ẹgbẹ́ wọn sọ́nà. Nígbà tó yá, wọ́n dá àwọn ilé ìtọ́jú kan sílẹ̀ tí wọ́n ń pè ní One Stop Shop, níbi téèyàn ti lè ṣe àyẹ̀wò, gba oògùn, gba ìmọ̀ràn, láìsí nọ́ọ̀sì tó máa fi ojú tẹ́ńbẹ́lú rẹ̀.

Ìyẹn ni iṣẹ́. Owó ńkọ́? Láti ọdún 2003 tí ààrẹ George W. Bush ti dá ètò PEPFAR sílẹ̀, Amẹ́ríkà ló ń gbé èyí tó pọ̀ jù nínú ẹrù HIV wa. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, ọ̀pọ̀ èèyàn ló wà láàyè lónìí nítorí ẹ̀. Ṣùgbọ́n òfin tí wọ́n fi dá owó yẹn sílẹ̀ lọ́dún 2003 ní gbólóhùn kan nínú: ẹgbẹ́ tó bá fẹ́ gbà á gbọ́dọ̀ kọ ọ́ sílẹ̀ pé òun lòdì sí òwò nàbì. Ẹ rò ó wò ná. Ìwọ fẹ́ wọ ilé obìnrin kan, o fẹ́ kó fọkàn tán ẹ, o wá kọ́kọ́ lọ tọwọ́ bọ̀wé pé o kórìíra ohun tó fi ń jẹun. Ilé ẹjọ́ tó ga jù ní Amẹ́ríkà sọ lọ́dún 2013 pé wọn ò lè fi dandan mú ẹgbẹ́ ilẹ̀ Amẹ́ríkà láti tọwọ́ bọ irú ìwé bẹ́ẹ̀. Nígbà tó di 2020, ilé ẹjọ́ kan náà ní ìdájọ́ yẹn ò kan àwọn ẹgbẹ́ tó wà lókè òkun. A jẹ́ pé ẹ̀tọ́ tí wọ́n fún ará ilé, wọn ò fún àlejò. Brazil nìkan ni mo rántí pé ó sọ pé rárá: lọ́dún 2005, wọ́n kọ nǹkan bíi mílíọ̀nù 40 dọ́là sílẹ̀ dípò kí wọ́n tọwọ́ bọ ọ́. Wọ́n lágbára láti kọ̀ ọ́ nítorí pé ìjọba wọn ti ń fi owó ara ẹ̀ ra oògùn.

Ìgbà tó wá di ọjọ́ 20 oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2025, ọjọ́ tí Donald Trump padà dórí àlééfà, ó fọwọ́ sí ìwé pé kí wọ́n dá owó ìrànwọ́ òkè òkun dúró fún 90 ọjọ́. Ọ̀pọ̀ ibi ló ti ilẹ̀kùn. Nígbà tí wọ́n ní kí ìtọ́jú HIV tún máa lọ, wọ́n fi ààlà sí i. Oògùn PrEP wà, tí ẹni tí kò tíì ní HIV máa ń lò kó má bàa kó o. Nínú oṣù Kejì ọdún yẹn, wọ́n ní aláboyún àti ìyá ọlọ́mọ tó ń fọ́mọ lọ́mú nìkan ni kí wọ́n máa fi owó PEPFAR fún ní PrEP. Obìnrin tó ń bá oníbàárà 4 tàbí 5 lò lálẹ́ ò sí nínú wọn. Ẹni tí ewu ẹ̀ pọ̀ jù ni wọ́n yọ sẹ́yìn. Lọ́jọ́ 1 oṣù Keje, USAID fúnra ẹ̀ kógbá sílé.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ń dùn mí sí rèé. Ẹni kan fi kálàmù kọ̀wé ní Washington, obìnrin kan ní ojú títì wa ò rí oògùn mọ́. Kò dìbò fún ẹni yẹn, kò sì lè bá a wíjọ́. Ẹgbẹ́ aláàánú tó ń tọ́jú ẹ̀ náà ò lè ṣe nǹkan kan, nítorí ẹni tó ń sanwó ló ń pàṣẹ. Tá a bá gbé ẹ̀mí àwọn èèyàn wa lé ọwọ́ ẹgbẹ́ aláàánú nìkan, ọwọ́ ẹni tó ń fún ẹgbẹ́ náà lówó la gbé e lé.

Ṣé ìjọba tiwa wá sùn ni? Rárá o, mi ò ní purọ́ mọ́ wọn. Nínú oṣù Kejì ọdún 2025, ìgbìmọ̀ aláṣẹ ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí bílíọ̀nù 4.8 náírà láti fi ra oògùn HIV, ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin àpapọ̀ sì fi mílíọ̀nù 200 dọ́là kún owó ìlera ọdún náà. Ó dáa. Ṣùgbọ́n oògùn tí wọ́n rà yẹn, àwọn tó ti mọ̀ pé àwọn ní HIV, tí orúkọ wọn wà nínú ìwé ilé ìwòsàn, ló wà fún. Ẹni tí kò tíì mọ̀ ńkọ́? Ẹni tó ń sá fún ilé ìwòsàn ìjọba ńkọ́? Oògùn inú àpótí kì í fẹsẹ̀ ara ẹ̀ rìn lọ sí bíà pálọ̀ lálẹ́.

Ìdí tí wọ́n fi ń sá fún ìjọba ò sì ṣòro láti mọ̀. Kwara wà lára ilẹ̀ Àríwá àtijọ́, Penal Code tí wọ́n ti ń lò láti ọdún 1960 ló kàn wọ́n. Lábẹ́ òfin yẹn, obìnrin tó bá ń dúró ní gbangba wá oníbàárà lè di ẹni tí wọ́n ń fi ẹ̀sùn ìràngbà kan. Ẹ sì rántí oṣù Kẹrin ọdún 2019, nígbà tí wọ́n ya wọ ilé fàájì l'Abuja tí wọ́n kó obìnrin tó lé ní 60. Àwọn kan nínú wọn ní àwọn tó kó wọn tún fipá bá wọn lò. Ẹni tó ti rí irú ìjọba yẹn lálẹ́ ò ní tọ ìjọba kan náà lọ láàárọ̀ fún àyẹ̀wò. Obìnrin tó bá sì mọ̀ pé ọlọ́pàá lè fi kọ́ńdọ̀ọ̀mù inú báàgì òun ṣe ẹ̀rí, kò ní mú un dání. Ẹ ò rí i pé ọwọ́ kan ìjọba ń pín kọ́ńdọ̀ọ̀mù, ọwọ́ kejì ń fi kọ́ńdọ̀ọ̀mù náà múni.

Àwọn àgbà ní ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà ò wọ kèrègbè. Ìjọba ló ní owó tí kì í tán, òun ló ni ilé ìwòsàn, òun ló ń pàṣẹ fún ọlọ́pàá. Ọwọ́ ẹ̀ tó pẹpẹ, ṣùgbọ́n kò wọ inú yàrá tí obìnrin yẹn ń gbé. Ẹgbẹ́ aláàánú lè wọ yàrá yẹn, wọ́n mọ orúkọ ọmọ ẹ̀, ṣùgbọ́n wọn ò lè dá ọlọ́pàá dúró, owó wọn sì lè tán lọ́la. Tí ọ̀kan bá dá a ṣe, kò ní délé.

Ẹ má sọ pé kò ṣeé ṣe. Kutọnu ò jìnnà sí wa. Láti ọdún 1993 ni ilé ìtọ́jú kan ti wà níbẹ̀ fún àwọn obìnrin tó ń ṣòwò nàbì. Kánádà ló ń fowó tì í nígbà yẹn, àwọn òṣìṣẹ́ ìlera Benin ló ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, àwọn tó mọ àdúgbò ló sì ń wọ ilé òwò lọ pe àwọn obìnrin náà wá. Lọ́dún 1993, ó lé ní ìdajì àwọn obìnrin náà tó ní HIV. Nígbà tó fi di 2008, ó ti wálẹ̀ sí nǹkan bíi 3 nínú 10. Àtọ̀sí lára wọn wálẹ̀ gan-an. Àwọn tó ṣe ìwádìí náà tún rí i pé HIV ń dín kù lára àwọn ọ̀dọ́kùnrin ìlú Kutọnu tí kò ní nǹkan ṣe pẹ̀lú ilé ìtọ́jú yẹn rárá. Ẹ̀yin ọ̀dọ́kùnrin tó ń kà á pé kò kàn yín, ẹ ṣe é ní jẹ́jẹ́.

Senegal náà ní tiẹ̀. Láti ọdún 1969 ni òfin wọn ti gba obìnrin tó ń ṣòwò nàbì láàyè láti forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba, kó gba káàdì, kó sì máa wá fún àyẹ̀wò déédéé. HIV ò tó 1 nínú 100 lára àgbàlagbà wọn. Ṣùgbọ́n mi ò ní kí Kwara lọ kọ ọ́ wá bó ṣe wà. Ọ̀pọ̀ obìnrin ní Senegal ló ń sá fún káàdì náà, nítorí wọn ò fẹ́ kí ẹbí rí i, káàdì tí wọ́n sì fi ń tọ́jú èèyàn ni ọlọ́pàá tún ń bèèrè lójú pópó. Ẹni tí kò bá tíì pé ọdún 21 ò sì lè gbà á, bẹ́ẹ̀ irú wọn ni ewu wọn pọ̀ jù. Ohun tí mo rí kọ́ nínú tiwọn ni pé tí ìjọba bá dá ìwé orúkọ sílẹ̀, kí orúkọ náà má kúrò ní ọ̀dọ̀ àwọn tó ń tọ́jú wọn. Àṣírí tó bá dé tésàn ọlọ́pàá ti di ẹ̀sùn.

Ọ̀rọ̀ tuntun kan tún wà tó yẹ ká là sí méjì. Nínú oṣù Kejìlá ọdún 2025, Nàìjíríà àti Amẹ́ríkà tọwọ́ bọ àdéhùn ìlera ọlọ́dún 5. Amẹ́ríkà ní òun á mú nǹkan bíi bílíọ̀nù 2.1 dọ́là wá, Nàìjíríà náà ní òun á fi bíi bílíọ̀nù 3 dọ́là kún owó ìlera tirẹ̀. Nínú ẹ̀, wọ́n ní owó pàtàkì kan máa lọ sí àwọn ilé ìwòsàn tí àwọn ìjọ Kristẹni dá sílẹ̀.

Èmi ò ní nǹkan tí mo fẹ́ bá ilé ìwòsàn ìjọ jà fún. Ẹ bi àwọn ará Eruku, wọ́n á sọ fún yín. Láti àwọn ọdún 1950 ni ilé ìwòsàn tí àwọn ajíhìnrere dá sílẹ̀ ní Egbe, tó wá di ti ECWA, ti ń gba aláìsàn láti agbègbè yẹn. Àwọn ajíhìnrere dá a sílẹ̀ níbi tí ìjọba ò tíì dé. Àpẹẹrẹ ìfọwọ́sowọ́pọ̀ gidi nìyẹn. Ìbéèrè tó kù ni pé: tí obìnrin tó ń ṣòwò nàbì bá dé ẹnu ọ̀nà irú ilé ìwòsàn bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú owó tí orílẹ̀-èdè méjèèjì jọ dá, ṣé wọ́n á wo àìsàn ẹ̀ kí wọ́n tó wo ìwà ẹ̀? Èyí ò yẹ kó jẹ́ ohun tó kù sí ọwọ́ nọ́ọ̀sì tó bá wà lẹ́nu iṣẹ́ lọ́jọ́ náà. Ó yẹ kó wà nínú ìwé: ẹni tó bá gba owó ìlú gbọ́dọ̀ tọ́jú gbogbo ìlú. Òfin tó lòdì sí dídá ẹni tó ní HIV yà sọ́tọ̀ ti wà láti ọdún 2014. Ẹ lò ó.

Kí ló wá yẹ kí Kwara ṣe fún Eruku, Osi, Iloffa àti àwọn ìlú tó wà lójú ọ̀nà yẹn? Ohun mẹ́rin ni mo ń bèèrè, kò sì sí èyí tó ju agbára wọn lọ nínú ẹ̀.

Àkọ́kọ́, kí owó kọ́ńdọ̀ọ̀mù, àyẹ̀wò, oògùn àtọ̀sí àti PrEP ní ìlà tirẹ̀ nínú ètò ìṣúná ìpínlẹ̀, kí wọ́n sì máa ná an lóòótọ́. Ẹ jẹ́ kó dé ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé tó wà lójú títì. Ẹni tó wà ní Eruku ò gbọ́dọ̀ wọkọ̀ lọ sí Ìlọrin nítorí páálí oògùn kan, pàápàá lójú ọ̀nà tí ìbẹ̀rù ajínigbé wà yìí.

Ìkejì, kí ìjọba gbé iṣẹ́ fún ẹgbẹ́ aláàánú pẹ̀lú ìwé àdéhùn, bó ṣe ń gbé iṣẹ́ títì fún kọngílá. Kí wọ́n kọ iye obìnrin tí wọ́n gbọ́dọ̀ dé ọ̀dọ̀ wọn, iye àyẹ̀wò, ìgbà tí wọ́n máa jábọ̀ àti ìgbà tí wọ́n máa sanwó. Àwọn obìnrin tó mọ òwò náà gbọ́dọ̀ wà níbi tí wọ́n ti ń pinnu ẹ̀. Wọ́n ní ẹgbẹ́ tiwọn lórílẹ̀-èdè yìí, Nigeria Sex Workers Association, ẹ pè wọ́n sí ìpàdé. A kì í fá orí lẹ́yìn olórí. Kí ilé ìtọ́jú náà sì máa ṣí lálẹ́ ọjọ́ méjì lọ́sẹ̀, nítorí ẹni tó ń ṣiṣẹ́ lóru ń sùn láàárọ̀.

Ìkẹta, kí kọmíṣánnà ọlọ́pàá fọwọ́ sí ìwé pé kọ́ńdọ̀ọ̀mù kì í ṣe ẹ̀rí ẹ̀ṣẹ̀, pé kò sí ọlọ́pàá tó gbọ́dọ̀ dúró sẹ́nu ọ̀nà ilé ìtọ́jú múni, pé obìnrin tí wọ́n bá fipá bá lò lè wá fẹjọ́ sùn láìsí pé òun ni wọ́n máa tì mọ́lé. Àwọn ṣọ́jà àti ẹ̀ṣọ́ tí wọ́n kó wá sí agbègbè náà gbọ́dọ̀ gba ẹ̀kọ́ kan náà, kí àwọn náà sì rí àyẹ̀wò ṣe.

Ìkẹrin, kí ọ̀rọ̀ ọmọdé dá dúró. Ọmọ tí kò tíì pé 18 kì í ṣe olówò nàbì, ẹni tí wọ́n ń fìyà jẹ ni. Ẹgbẹ́ aláàánú tó bá rí i gbọ́dọ̀ mọ nọ́ńbà tó máa pè ní NAPTIP lọ́jọ́ yẹn gan-an, ìjọba sì gbọ́dọ̀ ní ibi tó máa gbé e sí. Ọmọ ọdún 13 ti ọdún 1986 ò rí ẹni ṣe é fún un. A ò ní àwáwí mọ́.

Mo ti ń gbọ́ ohun tí àwọn kan máa sọ. Wọ́n á ní, ṣé owó orí wa ni kí wọ́n fi gbé aṣẹ́wó ró? Ẹ gbọ́ òwe yìí: bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò tí kò dáa, tá ò bá sọ fún un, hẹ̀rẹ̀-hùrù ẹ̀ ò ní jẹ́ ká sùn lóru. Oníbàárà obìnrin yẹn ní ilé tó ń lọ. Ó ní ìyàwó tó ń retí ẹ̀ ní Kàbà, ó ní àfẹ́sọ́nà ní Ìlọrin. Ìyàwó yẹn ò ta nǹkan kan fún ẹnikẹ́ni. Yàtọ̀ síyẹn, obìnrin náà gan-an, èèyàn ni. Ó ń san owó orí nínú gbogbo nǹkan tó ń rà lọ́jà, bíi tèmi, bíi tìẹ.

Àwọn mìíràn á ní a fẹ́ kí ẹ̀ṣẹ̀ gbilẹ̀ ni. Mo bọ̀wọ̀ fún ìgbàgbọ́ yín. Pásítọ̀ àti ìmáàmù lè máa wàásù wọn, kò sẹ́ni tó ní kí wọ́n dákẹ́. Ṣùgbọ́n òkú kì í ronú pìwà dà. Ẹ jẹ́ kó wà láàyè ná kó tó gbọ́ ìwàásù yín.

Ẹ̀yin tá a jọ jẹ́ ọ̀dọ́ ìgboro, ẹ má rò pé ọ̀rọ̀ àwọn obìnrin ojú títì nìkan ni mò ń sọ. Òwò yìí ti kúrò nínú ilé oníbúlúù tipẹ́. Orí Telegram ló wà, orí WhatsApp ló wà, "runs" àti "hook-up" ni wọ́n ń pè é. Ẹni tó ń ṣe é lè máa gbé họ́sítẹ́ẹ̀lì kan náà pẹ̀lú yín, kò sì ní dáhùn tẹ́ ẹ bá pè é ní olówò nàbì. Nítorí náà, ẹ má jẹ́ kí wọ́n kọ "aṣẹ́wó" sára ilẹ̀kùn ilé ìtọ́jú kankan. Kí wọ́n kọ "ìlera" síbẹ̀, kó tán. Ìwọ náà lè wọlé síbẹ̀ láì sí ẹni tó máa bi ẹ́ pé kí lo wá ṣe. Àyẹ̀wò HIV ò ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ. Ẹni tó bá sì ní in, tó ń lo oògùn ẹ̀ déédéé títí tí àyẹ̀wò ò fi rí kòkòrò náà nínú ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ mọ́, kò lè kó o ran ẹni tó bá bá lò. Ẹ bá mi sọ èyí fún gbogbo èèyàn, nítorí ìbẹ̀rù ló ń pa èèyàn ju àrùn náà lọ báyìí.

Nígbà tí wọ́n jí àwọn ará Eruku gbé, gomina lọ síbẹ̀, ààrẹ sọ̀rọ̀, gbogbo orílẹ̀-èdè dìde. Ó fi hàn pé tá a bá fẹ́ rí ìlú kékeré kan, a lè rí i. HIV kì í ya wọ ṣọ́ọ̀ṣì pẹ̀lú ìbọn, kì í ṣe fídíò, kì í bèèrè owó ìtúsílẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni kì í dá ẹni tó bá mú padà.

Tí aṣojú yín bá tún wá wá ìbò, ní Kwara tàbí níbikíbi tẹ́ ẹ bá wà, ẹ bi í ní ìbéèrè kan péré: mélòó ni ẹ kọ sínú ètò ìṣúná ọdún yìí fún ìtọ́jú HIV àti àrùn ìbálòpọ̀, mélòó lẹ ti ná níbẹ̀, ẹgbẹ́ wo lẹ sì gbé iṣẹ́ náà fún? Tí kò bá lè dáhùn, a jẹ́ pé ó ṣì ń retí Washington.